Bàtà Olódòdó Tí Mo Lé Dé Ẹ̀sà-Òkè

Bàtà bàbá mi ni ìyá mi ń wọ̀ lọ sóko láti ìgbà tí bàbá ti kú. Réènbúùtù dúdú ni, irú èyí tó ga dé abẹ́ orúnkún, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìwàrà máa ń wọ̀ nígbà òjò nítorí ẹrẹ̀ àti ejò. Ẹsẹ̀ bàbá mi gùn, ó sì tóbi. Ẹsẹ̀ ìyá mi kúrú, ó sì fẹ̀ níwájú bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Àkísà ló máa ń kì bọ imú bàtà náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa dá rìn nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ń ti oko bọ̀, bàtà la kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ká tó rí ìyá: gbàà-fùù, gbàà-fùù, gbàà-fùù.

Ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ti pa ilẹ̀ rẹ ni mo lọ kí i láti Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń wò ó bó ṣe ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, bàtà ò tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ jáde, bàtà dúró sínú ẹrẹ̀ bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìyá mi nàró lórí ẹsẹ̀ kan, agbọ̀n ò mì, ó bojú wo bàtà náà, ó ní, "Ó dáa, dúró dè mí níbẹ̀," ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn wọlé. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ re bọ́ lórí àpótí tí mo jókòó lé.

"Kí lò ń rín?" ó bi mí.

"Ìyá mi, ṣé kò sí èyí tó bá ẹsẹ̀ yín mu lọ́jà ni?"

Ìyá mi kì í pe iṣẹ́ ní iṣẹ́. Ìjẹ̀ṣà paraku ni, "uṣẹ́" ló máa ń wí. Ó ní, "Ta ni yóò ṣe é? Wọ́n rò pé ọkùnrin nìkan ni uṣẹ́ oko wà fún."

Nígbà tí mo ń padà lọ, mo yà sí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà, mo ní màá ra bàtà tó dọ́gba fún un kí ọ̀rọ̀ náà tán. Mo bi ẹni àkọ́kọ́ tó ń ta réènbúùtù. Ó ní ṣé ọmọ mi ọkùnrin ni mo fẹ́ rà á fún. Mo ní rárá, ìyá mi ni. Ó wo ojú mi bóyá mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ní kí màmá máa sinmi," ló sọ, ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, mo dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta, ohun kan náà ni: ẹsẹ̀ ọkùnrin, dúdú, gígùn, tó tó láti fi gbin igi sí. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ṣí lórí mi. Gbogbo obìnrin tó ń lọ sóko láti Ìwàrà dé Òṣú, láti Òṣú dé Ìpetu, ta ló ń ta bàtà fún wọn? Kí ọkọ̀ tó gbé mi dé Òṣogbo, lọ́kàn mi, mo ti kó ẹrù dé láti Ṣáínà, mo ti gba ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń bá àwọn ọmọ ọjà mi jà nítorí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó bọ́ aṣọ, nítorí mo ti ń sọ ọ́ láti ẹnu géètì. Ènìyàn tí kì í kánjú ni. Rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fọn fèrè lójoojúmọ́ ní Òṣogbo, ilé tí wọ́n ti ń fi aago wo ohun gbogbo ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó ní:

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n á rà á?"

"Ìyá mi."

"Ìyá rẹ ò ní í rà á. Ìwọ lo máa fún un lọ́fẹ̀ẹ́."

Ló bá nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní kíṣìnnì wa. Mo mọ ohun tó ń fi hàn mí. Ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi ń se ẹyin ló wà níbẹ̀, nínú páálí wọn, tí a ò tíì lò rí. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ọ́fíìsì wa ló kó wọn wọ̀lú. Ó rí i lórí fóònù, ó dára lójú rẹ̀, ló bá kó páálí rẹpẹtẹ wá. Kò rántí pé kò sí iná, kò sì rántí pé kò sí ẹni tí kò lè fi ìkòkò se ẹyin. Nígbà tí ọjà ò lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ta ìyàwó tuntun lọ́rẹ, ó ń fi wọ́n kí abiyamọ kú ewu. Títí di òní, kò sí ayẹyẹ kan nínú ọ́fíìsì wa tí ẹ̀rọ ẹyin kì í yọjú.

"Kọ́kọ́ mú díẹ̀ wá," ọkọ mi wí. "Jẹ́ kí wọ́n rí i. Má bi wọ́n bóyá ó dáa lójú wọn o. Ohun tí wọ́n bá ṣe ni kó o máa wò."

Obìnrin kan wà ní Òṣogbo tó máa ń bá àwọn èèyàn ra ọjà ní Ṣáínà, tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sójú kan kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó fi àwòrán réènbúùtù obìnrin ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Odidi ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń wò wọ́n. Mo yan méjì. Mo fi ọgbọ́n orí yan dúdú, nítorí ẹrẹ̀. Ojúkòkòrò ni mo fi yan èkejì: píǹkì tó ń dán bí ètè arẹwà, òdòdó funfun àti yẹ́lò sì tò yí i ká láti ọrùn ẹsẹ̀ dé òkè.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, mi ò lè dúró. Mo wọ olódòdó náà nínú pálọ̀, mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń sọdá odò. Ọkọ mi ń ka ìwé ìròyìn. Ó gbé ojú sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Mo ní ṣé ó ti rí i báyìí. Ó ní, "Mo rí i. Èmi kọ́ ni mo máa rà á."

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo sì wọ̀ ọ́ lọ sọ́fíìsì. Ẹ ò lè mọ irú òkìkí tí mo ní lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin ẹka tiwa tú jáde, àwọn ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá kan tí kì í kí èèyàn dáadáa fọwọ́ kan òdòdó rẹ̀. "Bá mi mú kan." "Bá èmi mú méjì, ọ̀kan fún àbúrò mi." Nígbà tí a fi ṣíwọ́, orí mi ti wú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ mi ń gún mi. Ní ọjọ́ kejì, mo yí ìbéèrè padà. Mo ní, ẹni tó bá fẹ́ kó fi díẹ̀ sílẹ̀ kí n lè mọ iye tí màá kó wá. Ilé ìwé àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nìyẹn. Iná ilé ẹnì kan jó wáyà. Ìyá ẹnì kan ń ṣàìsàn. Ọ̀gá tó fọwọ́ kan òdòdó ò tún kí mi mọ́. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo bojú wo fèrèsé, mo rí àwọn obìnrin wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń fò lórí omi lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ti wà lábẹ́ òrùlé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi réènbúùtù ṣe? Ẹsẹ̀ èmi gan-an ti ń gbóná nínú rẹ̀ láti àárọ̀.

Mo di bàtà méjèèjì sínú àpò, ó di Ìwàrà.

Ìyá mi mú dúdú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fò díẹ̀, ó ní ọmọ òun ṣe é. Mo na olódòdó sí i. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo jẹ́ lójú rẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni bàtà olódòdó ṣe dúró sí igun ògiri, ó ń dán níbẹ̀ láàárín àwọn àdá àti kòròfo agolo. Kò pẹ́ sí i, ìyá olóbì wọlé. Opó ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, obì ló ń rà lọ́wọ́ àwọn olóko, tó sì ń kó lọ sí Iléṣà, ó sì ní ọgbà kòkó kékeré kan létí odò. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ ò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ojú rẹ̀ ba bàtà náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ta ló ni èyí?"

"Àpẹẹrẹ ni, màmá," mo dá a lóhùn. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn obìnrin máa fẹ́ ẹ ni, kí n tó kó púpọ̀ wá."

"Nínú igun ògiri níbẹ̀ yẹn lo ti máa mọ̀ ọ́n?"

Ó jókòó, ó kó ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dìde, ó sì rìn yí àgbàlá wa ká bí sójà. Ìyá mi ní kó bọ́ ọ sílẹ̀, pé kò yẹ ẹ́. Ìyá olóbì ní ìlara ló ń dà á láàmú. Ó yí sí mi, ó ní òun á fi í lọ sí etí odò ní ọjọ́ kan péré, òun á sì dá a padà. Mo gbà. Ohun tí mo wá ṣe náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo bèèrè bóyá bàtà ti padà.

"Bàtà wo? Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lánàá."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni o, ìyá olóbì wọ bàtà olódòdó lọ sí ìsìn, pẹ̀lú ìró àti bùbá funfun. Bí àlùfáà sì ti ń kà á pé olódodo yóò gbilẹ̀ bí igi ọ̀pẹ, ni gbogbo ìjọ yí ojú sí ẹsẹ̀ ìyá olóbì. Àlùfáà fúnra rẹ̀ dákẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Nígbà ọrẹ, ìyá olóbì jó débi pẹpẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi ń sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kó tó di pé àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ o. Mo ní láti wọ abẹ́ tábìlì lọ, kí n ṣe bí ẹni tó ń wá bírò.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo dé Ìwàrà láti gba bàtà mi. Ìyá olóbì kí mi dáadáa, ó bu obì fún mi, ó bi mí nípa ọkọ àti àwọn ọmọ. Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti bèèrè mọ́, ó ní, "Bàtà yẹn, ó wà ní Òṣú."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Òṣú ló wá kí i, tó rí bàtà, tó gbé e. Mo wo ojú ọ̀run. Mo padà sí Iléṣà, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀, mo sọ̀ ní Òṣú. Kò nira láti rí ilé náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ní, "Ṣé ẹ̀yin ni oníbàtà?" ó sì mú mi débẹ̀.

Ọmọ ìyá olóbì tó mi lọ́jọ́ orí, ó ga, ó dúdú, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ló ń gbìn sí àkùrọ̀, ilẹ̀ olómi tí kì í gbẹ láti ọdún dé ọdún, òun àti àwọn obìnrin mìíràn tí oko wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Kí n tó jókòó, wọ́n ti pé lé mi lórí. Mo rántí ohun tí ọkọ mi wí, mi ò bi wọ́n bóyá ó dára. Wọn ò tilẹ̀ fún mi láyè láti bèèrè ohunkóhun.

"Ó há mọ́ mi ní ojúgun," ọ̀kan ní. "Ẹsẹ̀ tí ẹ fi wọn bàtà yẹn, ẹsẹ̀ ẹni tí kì í jẹ iyán ni."

"Abẹ́ rẹ̀ ń yọ̀," òmíràn ní. "Mo ṣubú, ṣùgbọ́n mo tún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì."

"Èmi ò tíì wọ̀ ọ́ tó," ẹnìkẹta ní, ó sì ń wo ọmọ ìyá olóbì tìbínú-tìbínú. "Mo sọ pé èmi ló kàn."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bàtà náà ti ń yí ká, ẹni kan láàárọ̀, ẹni kan nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ti jà lé e lórí. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Ẹ bi mí pé kí ni mo rí tí ara mi fi yá. Ẹnikẹ́ni ò jà lé ẹ̀rọ ẹyin lórí rí. Mo ní ó dáa, kí wọ́n gbé e wá kí n rí ibi tó ti há.

Ọmọ ìyá olóbì ní, "Ẹ má bínú o, àǹtí mi. Ó ti lọ sí Ẹ̀sà-Òkè."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń ta oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà níbẹ̀. Omi máa ń wọ inú ìsọ̀ rẹ̀ bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà. "Mo ní kó wọ̀ ọ́ wò ni," ó wí. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ti wọlé, ó ti wé gèlè jáde. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi náà ò tíì rí i láti ìgbà tó ti gbé e lọ."

Bí ẹ bá mọ ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé Òṣú àti Ẹ̀sà-Òkè kọ ẹ̀yìn síra wọn. A padà gba Iléṣà, a wọ ọkọ̀ mìíràn, a gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kọjá. Nínú ọkọ̀ náà ni ọmọ ìyá olóbì ti ròyìn bàtà fún gbogbo èrò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ìró funfun ìyá rẹ̀ àti awò ojú àlùfáà. Awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín débi pé a ní kó wo ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn na ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá láàárín ìjókòó méjì, ó bọ́ sílípáàsì, ó ní kí n wò ó dáadáa kí n sọ fún òun bóyá tòun á wọ̀ ọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n. Ọmọ ìyá olóbì ní, "Màmá, ẹ̀yin á fi sọ́ọ̀kì sí i." Ọkọ̀ náà gbé ẹ̀rín wa dé Ẹ̀sà-Òkè.

Òjò ti kọ́kọ́ rọ̀ níbẹ̀ ká tó dé. Omi pupa ti gbógun ti iwájú àwọn ìsọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ orí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sínú omi. Láàárín omi náà ni mo ti rí bàtà mi. Obìnrin kan, ó sanra, ó gbayì, ló dúró nínú rẹ̀ bí ìgbà tó dúró sí pálọ̀ ara rẹ̀, ó ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó ń kọjá láti ìdí ìkòkò dé ìdí tábìlì láìgbé aṣọ sókè. Òdòdó rẹ̀ ń yọ lókè omi, ó ń rì, ó tún ń yọ. Ó dùn ún wò débi pé mo gbàgbé ohun tí mo bá wá.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," mo wí nígbà tí mo rántí. "Bàtà mi ni mo wá gbà."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. "Bàtà yín kẹ̀? Mo ti rà á."

Mo yíjú sí ọmọ ìyá olóbì. Ó ń wo páànù òrùlé bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ó ní òun ò bọ́ ọ mọ́," ó wí níkẹyìn. "Ó kó owó lé mi lọ́wọ́. Owó náà wà nílé, mi ò ná an. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí bó ṣe yẹ ẹ́ kí n tó sọ fún yín."

Mo bèèrè iye tó san. Wọ́n sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Owó náà ju iye tí mo ti ń rò lọ́kàn pé màá tà á lọ, tí mo sì ti ń bẹ̀rù láti dá lé e. Ó yẹ kí n bínú, nítorí nǹkan mi ni wọ́n tà lẹ́yìn mi. Mo wá ìbínú náà, mi ò rí i. Ẹ̀rín ló ń ru gùdù nínú mi. Láti ọ́fíìsì tí gbogbo ẹnu ti ní "bá mi mú," tí ọwọ́ kankan ò nà, mo wá dé ibi tí ẹni tí mi ò mọ̀ rí ti ra bàtà tí mi ò tà.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Aṣọ ló máa ń gbé lọ sí ìlú onílùú, tó ń tà láwìn, bí ọjọ́ bá sì pé, yóò ṣó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà á, kò ní í dìde àfi bó bá gbowó rẹ̀. Ni mo bá ká ìró mi, mo ṣó sórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú ìsọ̀ olóúnjẹ, mo sọ fún ọmọ ìyá olóbì pé, "Màá ṣó síbí gbowó mi." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọ fóònù jáde, wọ́n ń ya àwòrán mi. Olóúnjẹ ò janpata. Ó bu ìrẹsì, ó fi ẹja lé e, ó wọ́ omi kọjá wá gbé e fún mi.

"Bẹ́ẹ bá máa ṣó, ẹ máa jẹun níbẹ̀."

Mo jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó jókòó tì mí, ó sì bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ló ń béèrè ibi tí òun ti rí bàtà náà, ṣùgbọ́n kí n má kó ẹyọ kan wá nítorí tiwọn, nítorí kí wọ́n lè ya fọ́tò nìkan ni. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń wà nínú omi láti òwúrọ̀ ni kí n wá lọ: àwọn tó ń ta oúnjẹ bíi tòun, àwọn alákùrọ̀, àwọn tó ń tẹ epo níbi ẹkù. Ó fi ojúgun rẹ̀ hàn mí, ibi tí etí bàtà ti fa ìlà yí i ká. "Bí ẹ bá lè mú kó fẹ̀ níbí, kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè àwọ̀." Ó tún un rò. "Rárá o, wọ́n á bèèrè. Ẹ mú olódòdó wá."

Ní Ìwàrà, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a pe àwọn obìnrin jọ sórí pèpéle tí ìyá mi ti ń sá kòkó. Mo ya páálí lélẹ̀, mo ní kí kálukú gbé ẹsẹ̀ lé e kí n fi èédú fa ìlà yí i ká. Mi ò tíì rí ibi tí àgbàlagbà ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èédú ń rìn wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìyá olóbì ń pariwo pé kí wọ́n má fa tòun mọ́ ti ìyá mi, pé ẹsẹ̀ ìyá mi nìkan tó odidi páálí. Ìyá mi ní ẹsẹ̀ tó gbé ọkọ rere wálé ni. Mo fi okùn wọn ojúgun wọn. Nígbà tí mo sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tú etí ìró, wọ́n fi sílẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ.

Obìnrin tó ń bá wa ra ọjà ní Ṣáínà pè mí nígbà tí mo fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Ó ní òun rò pé mo ṣì í kọ ni. "Obìnrin ibo ni ẹsẹ̀ wọn fẹ̀ báyìí?"

"Ìjẹ̀ṣà," mo ní. "Má dín in kù."

Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí ìbéèrè. Ó kàn ní, "Ó dáa. Kó wọn wá," ó sì bi mí bóyá wọ́n ń ṣe ti ọkùnrin lólódòdó. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá àwàdà ló ń ṣe.

Páálí díẹ̀ ni mo kó wá, kì í ṣe ẹrù tó kún ọkọ̀. Ó pẹ́ lójú omi, ó pẹ́ ní Èkó, ọkàn mi ń fò sókè bí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí ta ni yóò ra bàtà òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Ó dé nígbà òjò àrọ̀kúrò. Ilé ọmọ ìyá olóbì ní Òṣú la gbé e lọ, nítorí òun la jọ ń tà á báyìí. Èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mi, mi ò tíì gba ṣọ́ọ̀bù kankan. Àwọn dúdú tí mo fi ọgbọ́n orí kó mọ́ ọn ò tètè lọ, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ṣùgbọ́n àwọn olódòdó, kí a tó já páálí kejì ni àwọn tó fi owó sílẹ̀ ti ń fa tiwọn yọ, àwọn tí kò fi sílẹ̀ sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Olóúnjẹ wá láti Ẹ̀sà-Òkè, ó ra àwọ̀ búlúù kún tirẹ̀. Ìyá mi àti ìyá olóbì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ń ṣe ìdájọ́ lórí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

A ò tíì tà á tán tí òjò fi já. Kò ṣú, kò kìlọ̀, ó kàn da omi sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n á sá wọlé, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ti ń ṣe. Wọn ò sá. Àwọn àgbà obìnrin, àwọn alákùrọ̀, àwọn olóbì, àwọn tó ń tẹ epo, wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà tí omi ti ń ṣàn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ta á síra wọn lára, píǹkì, búlúù, pupa, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn ọlọ́kadà tó sá sábẹ́ ìsọ̀ ń pariwo kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ìyá olóbì ń pè mí láti àárín omi pé kí ni mò ń ṣọ́ lábẹ́ òrùlé, òun tó ti rẹ láti orí dé orúnkún. Mo bọ́ bàtà ọ́fíìsì mi, mo wá èyí tó ṣe mí nínú páálí tó kù, mo sì bọ́ sínú omi bá wọn.